Aṣọ Dídán tí Mo Fọ̀ ní Kánò

Omi inú báàfù ti dúdú bí ìdí ìkòkò kí n tó fura pé mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Aṣọ aró kan ni mo ń fọ̀, ó gùn bíi láwàní. Òyìnbó obìnrin kan tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Airport Road ló ni ín. Baba Àkànní, ọ̀gá wa nínú yàrá ìfọṣọ, yọjú wo báàfù, ó sì káwọ́ lérí.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ta ló ní kó o fọ èyí?"

"Ó ń ràn mọ́ èèyàn lọ́wọ́, Baba. Mo ní kí n ṣan aró tó pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀."

"Yéè! Wọn kì í fọ èyí láéláé! Dídán yẹn gan-an ni wọ́n ń rà!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn ará bírnì, ìyẹn Kánò àtijọ́ tó wà nínú odi, máa ń rẹ aṣọ sínú aró, wọn á bu ẹ̀tù aró lé e, wọn á wá fi kùmọ̀ onígi lù ú títí tí yóò fi máa dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Omi kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ títí ayé. Ọmọ aláró sì ni èmi. Abẹ́òkúta ni mo ti dàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń pe aṣọ tí aró ń yọ lára rẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ká ní n kò mọ nǹkan kan nípa aró ni, ǹ bá béèrè. Ìgbéraga ló kó bá mi.

Baba ní kí n lọ jẹ́wọ́ kí máníjà tó gbọ́. Mo lọ. Òyìnbó náà, Màdáámù bí a ṣe ń pè é, gba aṣọ náà, ó tẹjú mọ́ ọn, omi sì lé sí i lójú. Ó ní nígbà kan tí ọkọ̀ òfurufú àwọn dúró gba epo ní Kánò, òun rí ọkùnrin kan lórí ràkúnmí tó fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wé láwàní. Nítorí rẹ̀ ni òun ṣe tún gba Kánò kọjá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló sì yẹ kó wọkọ̀.

Nígbà tí máníjà gbọ́, kò sunkún ní tirẹ̀. Ó ní, "Má wọ yàrá ìfọṣọ mọ́ títí aṣọ yìí yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ọjọ́ tí aṣọ àlejò kan bá sì kù nílẹ̀ nítorí pé o ò sí, ọjọ́ náà ni màá gba ẹlòmíràn."

Ọkọ mi ti ṣubú níbi iṣẹ́ rélùwéè, ó ń tiro kiri ilé wa ní Sabon Gari. Iṣẹ́ mi ni èmi, òun àti ọmọ mẹ́rin ń jẹ. Mo bẹ Màdáámù kó jẹ́ ká jọ lọ bá àwọn tó lu aṣọ náà. Ó gbà.

Malam Audu ni olórí wọn. Ó na aṣọ náà wò.

"Kai! Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Malam."

"Bayarabiya!" Bẹ́ẹ̀ ni Hausa ń pe obìnrin Yorùbá. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ju kùmọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀rín kọ́ ni mo bá wá!" Mo fi Hausa dá wọn lóhùn, inú sì ń bí mi.

Malam ní wọn yóò tún un rẹ, wọn yóò sá a, wọn yóò lù ú: ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ̀ Màdáámù kò ní dúró de ọjọ́ mẹ́rin! Ṣùgbọ́n Màdáámù ti jókòó sórí ẹní, ó ń wo bí kùmọ̀ méjì ṣe ń tẹ̀lé ara wọn láìforígbárí. Ó ní, "Sọ fún un pé màá dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin náà là mí lójú. Nígbà yẹn, ẹ̀pà ni gbogbo ènìyàn ń pè ní ọrọ̀ ìlú. Ẹ̀pà la sì ń gbé lọ bá òyìnbó kó tó fún wa lówó. Àlejò ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń gbé owó wá bá wa. Owó Màdáámù dé ọwọ́ onítakisí, ó dé ọwọ́ Malam Audu, láti ibẹ̀ ó dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró àti èyí tó gbin òwú. Alápatà tó ń ta ẹran fún hòtẹ́ẹ̀lì jẹ níbẹ̀. Ìjọba pàápàá gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo wa. Lẹ́yìn ìgbà náà, àlejò mélòó ni mo mú lọ sọ́dọ̀ Malam! Kò sì ṣíwọ́ pípe mí ní "Afọláwàní" lójú wọn, olórí burúkú.

Ní ọjọ́ kẹrin, aṣọ náà dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màdáámù wé e, ó dì mọ́ mi, ó sì lọ wọkọ̀. Máníjà ní, "Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo sáré lọ, ọkàn mi ò sì balẹ̀: ó dá mi lójú pé wọ́n á ti gba ẹlòmíràn. Mi ò bá àjèjì kankan. Gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà lórí okùn, funfun báláú. Baba Àkànní jókòó lórí àpótí, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ òrí. Ọṣẹ sódà ti bó o lọ́wọ́ yánnayànna. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Baba ti fi omi sílẹ̀ fún àwa ọmọdé, áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń dì mú.

"Baba, ta ló fọ gbogbo èyí?"

"Ta ló tún kù? Ṣé kí n jẹ́ kó kù nílẹ̀ ni, kí wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ?"

Mo kúnlẹ̀, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á lọ́wọ́. Omijé mi ń kán sórí ọwọ́ náà.

"Rọra o," Baba ní, "má tún fọ ìyẹn náà bà jẹ́."