Ọmọ Tí Kò Wọlé

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kùrukùru bo Mowe débi pé n kò rí ògiri ilé tí wọ́n ń kọ́ lódìkejì wa, bẹ́ẹ̀ ọmọdé lè ju òkò kó bà á. Ètè mi ti sán. Mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀, àmọ́ bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń sáré. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń pààrọ̀ omi ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù, nítorí bí èèyàn ò bá pààrọ̀ omi rẹ̀, òórùn rẹ̀ á lé aládùúgbò.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi obìnrin nínú ilé. Òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa nítorí iṣẹ́ Èkó. Èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ náà nilé-ìwé ń gba ìsinmi, wọ́n á sì pín èsì ìdánwò.

"Ipò kẹta lo gbé wá fún mi ní táàmù tó kọjá," ni ìyá rẹ̀ ń wí. "Ẹni tó gba kìíní, ṣé orí méjì ló ní?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ó dáa. Bó ò bá gba kìíní lónìí, má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Korobá bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì; ìyá wo ni kì í sọ irú rẹ̀ sọ́mọ? Èmi ni mo ni ín. Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ní Ifọ̀, ní ohun tó lé lógún ọdún sẹ́yìn.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ni mo sọ ọ́ fún. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wo èsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọyẹ́ ń fẹ́ báyìí náà ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní bí ìwé náà ò bá jáde, kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi. Ó ní, "Mo gbọ́, mà." Ó wọnú kùrukùru lọ. N kò tún fojú kàn án mọ́. Mo sọ fáwọn aládùúgbò pé ó wáṣẹ́ lọ. Mo sọ ọ́ fún baba rẹ̀ náà, ó sì gbà mí gbọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí a kó kúrò ní Ifọ̀ lọ sí Ibafo, tí a tún ti Ibafo kó wá sí Mowe, ohun tí mò ń rò ni pé tó bá padà dé, ta ni yóò júwe wa fún un? Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ọkàn mi á ti dìde kí èmi tó dìde.

Ó yẹ kí n wọlé láàárọ̀ yẹn kí n sọ̀rọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo he korobá mi, mo ń da omi mi lọ.

Aago méjìlá lù, n kò rí ọmọ. Aago kan lù, n kò rí i. Mo wé gèlè, mo gba ilé-ìwé lọ. Wọ́n ti ti géètì pa. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ ní, "Màmá, gbogbo wọn ti lọ tipẹ́, ẹyọ kan ò ṣẹ́kù." Mo gba etí títì lọ, mo wo gbogbo ibi tí ọmọdé lè dúró sí, mo bi àwọn ọlọ́kadà. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń wí lẹ́nu: ẹlẹ́ẹ̀kejì ò gbọdọ̀ sí.

Nígbà tí mo fi padà dé àdúgbò wa, kùrukùru ti ká. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé òdìkejì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó máa ń bá mi ṣàwàdà, nahùn pè mí láti òkè:

"Ìyá wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa gbé láńléèdì yìí o! Ó ti jókòó lé búlọ́ọ̀kù wa láti aago mọ́kànlá, kò jẹ́ ká rí i mú kọ́lé. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó ní òun kì í jẹun òde. Mo ní kó máa lọ sílé, ó ní wọn ò ní kóun wọlé."

Mo yọjú sẹ́yìn ògiri. Òun ló jókòó síbẹ̀, báàgì lórí itan, eruku ọyẹ́ ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó. Ó ń wo géètì wa gan-an láti ojú fèrèsé tí wọn ò tíì kàn. Ó ti rí mi nígbà tí mo ń sáré wá a lọ.

"Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Ẹ má bínú, Màmá àgbà. Ipò kẹrin ni mo gbà. Mọ́mì ní kí n má wọlé."

"Kí lo wá ń dúró ṣe níbí?"

Ó rò ó díẹ̀, bí ẹni ń ṣe ìṣirò. "Mò ń wò ó bóyá ẹnì kan á pè mí."

Mo jókòó tì í. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí mo bá ń rántí ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí, tó ń rìn lọ. N kò rò ó rí pé ó lè má tètè lọ. Pé ó lè ti jókòó sẹ́yìn ògiri kan nítòsí wa ní Ifọ̀, kó máa wo ẹnu ọ̀nà, kó máa retí bóyá mo máa pe òun. Mo sì rántí ohun tí mo ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀kùn, nítorí eruku.

Mo ní kó dìde ká wọlé. Ó kọ̀, ó ní Mọ́mì ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo ní kó máa bọ̀, kó má bi mí ní nǹkan kan. Mo lọ gbé oúnjẹ wá, a jọ jẹ ẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù, àwọn bíríkìlà ń yà fún wa kọjá.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí ọmọ mi dé. Ó wo ọmọ, ó wò mí. "Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe níta?"

"À ń dúró kó o ní ká wọlé ni. Ọ̀rọ̀ tó o sọ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò wáṣẹ́ lọ. Èmi ni mo lé e."

Mo rò pé ó máa pariwo. Ó rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo mọ̀, Màámi. Mo wà níbẹ̀, mò ń gbálẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba kìíní ni? Kẹ́ ẹ má baà lé èmi náà."

Mo ti fi ọmọ yìí yangàn káàkiri Ifọ̀ pé ó fẹ́ràn ìwé. Àṣé ẹ̀rù ló ń bà á.

Nílé tí wọ́n bí mi sí, bí ìyá bá fìbínú sọ̀rọ̀ sọ́mọ, á bu omi tútù, á dà á sẹ́nu ọ̀nà, á ki oríkì ọmọ náà, á ní ọ̀rọ̀ òun ti bómi lọ. Ẹni ṣọ́ọ̀ṣì lọmọ mi, kì í fẹ́ gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bu omi. Ó ki oríkì ọmọ rẹ̀ dé ìdajì, ó yíjú sí mi. Èmi ni mo ki ìyókù. Ọmọ náà fẹsẹ̀ tẹ ibi tó tutù, ó wọlé. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi kọ̀wé kan, torí ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìwé tí mo bá kọ máa ń wọ́. Ó kọ nọ́ńbà fóònù wa àti bí wọ́n ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Mowe. Mo ní kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Máa bọ̀ nílé. A ò ní béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ." Mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà mìíràn, àmọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ bi mí pé, "Màmá, ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní ọmọ mi ni, ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti jáde. Mo fún un níwèé náà, mo tọrọ omi tútù lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sẹ́nu ọ̀nà, mo ki oríkì ọmọ mi láìfo ìkankan. Mo wá lọ wo ẹ̀yìn gbogbo ògiri tó wà nítòsí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo lọ wọkọ̀, torí ìrẹsì tí mo rẹ sílé ti tó bọ̀ lórí iná.