Yẹ̀kínì àti Káàdì Àwọn Ìbejì

Nígbà tí ọdún 1970 ń lọ sópin, Yẹ̀kínì Sàláúdéènì ni akọ̀wé tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà. Ọmọ ìlú náà ni. Bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìgàngán. Ọdún mẹ́rin ló fi gun kẹ̀kẹ́ láti agbo ilé dé agbo ilé, tó ń béèrè ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bí àti ibi tí ọmọ náà wà. Ó ń kọ oókan fún ẹni tó wà nílé, eéjì fún ẹni tó rìnrìn àjò, ẹẹ́ta fún ẹni tó kú.

Ìjọba ti ra bẹ́ẹ̀dì tó ń móoru fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ìlú tí ọmọ tuntun ti ń kú jù ni wọn yóò gbé e fún, ìṣirò ìlú kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Ẹtì. Hàlímọ̀, ìyàwó Yẹ̀kínì, wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, nọ́ọ̀sì sì ti fọwọ́ kan orí méjì níkùn rẹ̀. Nínú ìbejì tó kọ́kọ́ bí, Kẹ́hìndé nìkan ló wà nílé.

Wọ́n ti fi ihò lu gbogbo àkọsílẹ̀ náà sórí káàdì, ọmọ kan sí káàdì kan, ẹgbẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà ní Ìbàdàn tó lè kà wọ́n, wọ́n sì ti kọ́ Yẹ̀kínì bí a ṣe ń kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí yóò tẹ̀lé, fún un. Ó kó àwọn páálí rẹ̀ wọ bọ́lẹ̀kájà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un nídìí ẹ̀rọ náà.

Zachariah, tó ń bójú tó ẹ̀rọ, fi àpótí gígùn kan hàn án.

"Kọ̀ǹpáílà rèé. Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ ohun tí ẹ kọ. Àwọn káàdì inú àpótí yìí la máa kọ́kọ́ kó sí i, àwọn ni wọ́n á túmọ̀ tiyín fún un."

Ṣùgbọ́n ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti da àpótí náà sílẹ̀, ó sì kàn ṣa káàdì padà sínú rẹ̀ bó ṣe rí. Odidi ọjọ́ méjì làwọn méjèèjì fi kúnlẹ̀, tí wọ́n ń to bí ẹgbàá káàdì ní ẹsẹẹsẹ nọ́ńbà tó wà létí wọn. Wọ́n tò ó tán, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Káàdì kan ti fa omi, ó ti wú. Wọ́n lu òmíràn dípò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ gba kọ̀ǹpáílà, ó gba ètò Yẹ̀kínì, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Yẹ̀kínì jókòó sórí páálí òfìfo, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìwé jáde. Zachariah kà á, ó tún un kà.

"Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì, àwọn ìbejì yín mà fẹ́ràn ìrìn àjò o. Mẹ́ta péré ló kú. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló lọ sájò. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ta ló bá a dá mọ́tò dúró?"

Yẹ̀kínì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nílùú rẹ̀, wọn kì í sọ pé ìbejì kú, kí èyí tó kù má baà tẹ̀lé e. Ó lọ sí Èkó ni wọ́n ń wí. Ohun tí àwọn ìyá sọ ló kọ. Ó sì mọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, nítorí Táyé, ọmọ tirẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sin, ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ eéjì fún.

"Ìlà kan la máa yí padà," Zachariah wí. "Ọmọ tí kò pé ọdún kan, tó lọ sájò láìsí ìyá rẹ̀, ká kà á mọ́ àwọn tó kú."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é, ọ̀gá."

"A ní láti tún kó kọ̀ǹpáílà sí i, ká tún ka gbogbo káàdì yín. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Àwọn tó kàn ti dé."

Ọkùnrin mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí tiwọn. Yẹ̀kínì bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Wọ́n ní ó di oṣù mẹ́ta sí i kí àyè mìíràn tó yọ. Nítorí ọjọ́ Ẹtì, ó kọ lẹ́tà àlàyé mọ́ ìṣirò náà, ó fi ránṣẹ́. Ọ́fíìsì fèsì pé iye tí ẹ̀rọ kà làwọn máa lò.

Bẹ́ẹ̀dì náà lọ sí ìlú mìíràn. Hàlímọ̀ bímọ nínú oṣù keje. Èyí tó kọ́kọ́ jáde lo ọjọ́ mẹ́rin péré láyé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin náà, Hàlímọ̀ rí ọkọ rẹ̀ tó ṣí ìwé.

"Bàbá Kẹ́hìndé, kí lẹ kọ?"

"Mo kọ ọ́ pé ó lọ sí Èkó."

Hàlímọ̀ fa aṣọ bo èyí tó kù láyà rẹ̀. Yẹ̀kínì na ọwọ́ bo ojú ìwé náà títí yíǹkì fi gbẹ. Ẹẹ́ta ló kọ.