Rọ́bà Yẹ́lò Tí Wọ́n Fi Sí Carlene Lọ́wọ́

Carlene Tackett, ọmọ ọmọ mi, kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún yìí, nínú ilé àhámọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú Harkey. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àpẹ́ńdíìsì ló wú, tó sì bẹ́ sí i níkùn. Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì títì. Ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé yàrá tó kú sí lè ka ọkọ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Èmi ni Virgil Tackett. N kò kàwé. Verna, àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ èyí sí ìwé ìròyìn ìlú wa, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bu ṣúgà sí i.

Ohun tí Carlene ṣe rèé: ó wa ọkọ̀ aládùúgbò wa láìtọrọ rẹ̀, ó sì wà á wọ kòtò. N kò sọ pé ó dáa. Ọmọ ọwọ́ ni òun àti Roxie àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn já wọn sílẹ̀ fún èmi àti Nadine, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí Nadine ti kú. Láti ìgbà náà, bí Carlene bá ti da ọbẹ̀ funfun oníwàrà sórí búrẹ́dì mi tán láàárọ̀, á jókòó, á ka ìwé ìròyìn yìí sí mi létí. Bó bá dé ojú ìwé àwọn olóògbé, á ṣí i kọjá. “Bàbá àgbà, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀ lónìí.” Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ló wá máa bá mi ṣí ojú ìwé tirẹ̀ kọjá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe pín ìnáwó àwọn ọmọ wọ̀nyí, torí mo pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kó tó yé mi. Kí adájọ́ tó dájọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọmọ: àwọn ló ń sanwó oúnjẹ, ibùsùn àti dókítà. Wọ́n á fi rọ́bà búlúù sí i lọ́rùn ọwọ́. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá ní kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀, ó di ti ìpínlẹ̀. Wọ́n á gé búlúù, wọ́n á fi yẹ́lò sí i. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò ní ààyè. Ọmọ á padà sórí ibùsùn tó ti dìde, á máa dúró de ọkọ̀ wọn, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí nǹkan kan tó yí padà lára rẹ̀ ju àwọ̀ rọ́bà lọ.

Èmi ni mo sì bẹ adájọ́ pé kó fi í fún ìpínlẹ̀. Gbogbo wa ní Harkey ló ń sọ ọ́: búlúù ń jókòó lásán, yẹ́lò ń lọ síléèwé. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ wẹ́dà níbẹ̀. A máa ń kí ara wa kú oríire yẹ́lò. Mo bọ adájọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Àìkú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ wò ó, gíláàsì wà láàárín wa.

“Ṣé o ti sọ fún nọ́ọ̀sì?”

“Mo sọ. Ó ní kí n na ọwọ́. Mo rò pé iṣan ọwọ́ mi ló fẹ́ yẹ̀ wò, Bàbá àgbà. Rọ́bà ló ń wò.”

Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ di inú mú.

Mo lọ bá Duane tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ nílé ìkó-ọkà-sí. Mo ní, “Duane, gbé ọmọ yìí sọdá.”

“Bàbá Virgil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìpínlẹ̀ ni. Bí mo bá gbé e sọdá, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa sanwó ilé ìwòsàn. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí wa ná.”

“Bó bá jẹ́ ajá ló ń ké lẹ́nu ọ̀nà yìí ńkọ́?”

“Ajá?” Ó wolẹ̀. “Ajá ò ní rọ́bà lọ́wọ́, Bàbá. Màá gbé e sọdá.”

Mo tẹ ìpínlẹ̀ láago. Obìnrin kan ní àwọn ò tíì gba ọmọ náà sọ́wọ́, kí n padà bá ìjọba ìbílẹ̀. Mo padà. Wọ́n ní kí n padà bá ìpínlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Ọjọ́rú kọjá. Lẹ́tà ìpínlẹ̀ dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbà pé kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ ò rí i pé ìjọba wa máa ń dáhùn?

Níbi ìsìnkú, Lyle Haskett, alága ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wa, dì mí mú. Ó ní, “Virgil, ìpínlẹ̀ ló pa á.” Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá kan láti ìpínlẹ̀ pè mí: “Bàbá, ìjọba ìbílẹ̀ yín ló pa á.” Nígbà tó wà láàyè, ti ẹnìkejì ni. Nígbà tó kú, ikú rẹ̀ pàápàá, ti ẹnìkejì ni.

Ìyàwó Lyle gbé abọ́ adìẹ àti núdùlù wá fún wa, ó lẹ téèpù sábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ wọn sí i kí a lè mọ ẹni tí a máa dá a padà fún. Ẹ ò rí i! Abọ́ ní ẹni tó ni ín.

N kì bá tí sọ̀rọ̀. Òkú kì í jí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, Roxie sọ òkúta lu fèrèsé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́tẹ̀ yìí mo kígbe ní kọ́ọ̀tù pé rárá, ẹ má fún ìpínlẹ̀. Adájọ́ ní kí bàbá jókòó. Ó ti pé ọjọ́ méjìlá tí yẹ́lò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ilé kan náà. Lánàá ó pè mí, ó ń wúkọ́, èémí rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní gíríìsì.

“Ẹ má sọ fún wọn pé ara mi ò yá o, Bàbá àgbà. Wọ́n á kàn wo ọwọ́ mi.”

Mo ti rí ìjì tó ká òrùlé ilé mi lọ, tí mo sì ń fèpè ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rù yìí kò jọ ìyẹn. Bí fóònù bá dún báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó tì í. Mo máa ń jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e, torí láàárín ìgbà mẹ́ta yẹn, ó ṣì wà láàyè.

Ta ló sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó máa wo rọ́bà? Ta ló jókòó lórí lẹ́tà náà fún ọjọ́ méjì? Orúkọ wọn ni mo fẹ́, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì wọn. Mo sì fẹ́ òfin kan tí ọmọdé pàápàá lè há sórí: ẹ gbé aláìsàn sọdá títì ná, lẹ́yìn náà kí ẹ máa jà lórí ẹni tó máa sanwó.

Verna, ìgbáròkó mi kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn wọn mọ́, n kò sì lè ka ìwé tí wọ́n máa nà sí ọ. Ìwọ ni àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ yìí di tìrẹ. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní ọjọ́ Ajé. Fọ abọ́ Lyle kó mọ́. Gbé e lọ. Rọ́bà tí wọ́n gé kúrò lọ́wọ́ Carlene wà nínú àpò bébà tí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí. Fi í sínú abọ́ náà, kí o sì gbé e ka iwájú wọn. Bi wọ́n léèrè ẹni tó máa gbé Roxie sọdá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n á ní kí o jókòó. Má jókòó.