Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Jẹ́ Nàìjíríà

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nílé mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kan fọn fèrè. Kì í ṣe fèrè tín-ín-rín ti ìsinsìnyí o. Igbe gidi ni, òórùn èéfín èédú sì tẹ̀ lé e wọlé. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo wé gèlè, èmi àti Kúdí ọmọ-ọmọ mi sì gba orí afárá lọ. Ọkọ̀ náà ti dúró de sígínà, iná tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Nígbà èwe mi ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì eléèédú kan tó ń fa ọkọ̀ èrò ayára. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Nàìjíríà. Látọjọ́ tí bàbá mi ti gbọ́ ni kò ti jẹ́ ká sinmi.

Nígbà tí ọkọ̀ òkun fẹ́ já àbúrò rẹ̀ sí Liverpool, bàbá mi ní dandan, Nàìjíríà ni yóò fà á wá bá wa ní Euston, ibùdókọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù. Ṣebí ọmọ ilé là ń rán lọ pàdé àlejò ilé? Ó wọ agbádá nínú òtútù, wọ́n sì fi òfì wọ̀ mí lé kóòtù. Ọkọ̀ dé. Orúkọ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan ló wà lára ẹ́ńjìnnì. Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì, bàbá mi ò tiẹ̀ rí i.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

"Kì í ṣe ìwọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n rán wá pàdé ẹ."

A tún lọ sí Euston títí, a ò rí ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí ọkọ̀ oníná dé, wọ́n gé Nàìjíríà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n tà á bí irin àlòkù. Mẹ́rin péré ni wọ́n dá sí nínú ẹ̀yà náà. Bàbá mi kú láìrí i, ó sì ń dùn mí dòní. Pápákọ̀ òfurufú la ti ń pàdé àlejò báyìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ohun tó gbé e wá.

Kúdí ka orúkọ ara ẹ́ńjìnnì náà. "Bahamas, Grandma. It's sick, you know!" Lẹ́nu tiwọn, ó dára gan-an nìyẹn.

"Tiwọn ṣì wà. Tiwa dà?"

Ó tẹ fóònù rẹ̀. "They scrapped it, Grandma. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, mo wé gèlè kí n tó jáde.