Èmi Ni Mo Rọ Ewéko Ìyàwó Mi Lómi Yó

Ewéko inú ìkòkò ló mú mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi lónìí.

Ojú fèrèsé ló gbé e sí. Ewé rẹ̀ nípọn, inú ewé náà ló ń tọ́jú omi sí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ewé náà ti ń rọ̀ wálẹ̀, mo sì ń pariwo mọ́ ìyàwó mi pé kì í bomi rin ín.

Lọ́sàn-án yìí, Bùsọ́lá ọmọ wa ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé láti ìlú Irving nílẹ̀ òyìnbó níbí. Ó tẹ ewé náà, ó rọ̀ bíi tòmátì tó ti bàjẹ́. Ó fa ewéko náà tu. Ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà.

"Daddy, omi ló pọ̀ jù. Ta ló ń bu omi sí i?"

"Ife kan péré ni mo ń fún un láràárọ̀."

"Láràárọ̀! Bí ẹ ṣe máa ń fún wa nímú nígbà tí a wà ní kékeré nìyẹn, tí ẹ ń rọ ẹ̀kọ sí wa lẹ́nu!"

Òótọ́ ni. Mo rọ wọ́n gan-an.

Ó gé èyí tó jẹrà, ó sá ìyókù sórí bébà kó gbẹ, ká tó gbìn ín sínú yẹ̀pẹ̀ oníyanrìn. Ó ní yóò yè.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyá Bùsọ́lá, má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Baba Bùsọ́lá, ẹ tún un wí, kí gbogbo apartment gbọ́!"

Mo pariwo rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ̀yin bàbá ẹgbẹ́ mi, ta lẹ dá lẹ́bi fún ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín bà jẹ́? Ẹ jẹ́wọ́ níbí.