Ọjọ́ Tí Mo Ru Ilẹ̀kùn Onílé Mi Lọ Fún Un

Ní Wagadugu yìí, onílé tó bá fẹ́ lé ayálégbé kì í pariwo. Á kàn wá yọ ilẹ̀kùn lọ ni. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ewúrẹ́ ti bímọ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ewúrẹ́.

Yàrá tèmi wà ní àdúgbò Gounghin. Iwájú ẹ̀ ni mo ń pàtẹ ẹ̀yà ara alùpùpù sí, ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà mi mọ̀. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ọjà mi ti parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ máa wá arúgbó kiri ìlú? Bàbá tó kọ́ ilé náà kò yọ mí lẹ́nu títí tó fi kú. Ọmọ ẹ̀ ló jogún ilé. Ilé ńlá ni òun ń gbé ní Zone du Bois, ó sì ní búrò tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Koulouba. Wọ́n da ọ̀dà sí títì wa, ọ̀dà kò tíì gbẹ tí ọmọ náà fi fi owó kún owó ilé.

Mo lọ bá a ní búrò pé kó bá mi dín in kù. Mo ní èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n da ọ̀dà, ọ̀dà kò sì wọ yàrá mi. Òjò nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Faransé tó fi dá mi lóhùn gùn ju títì ọ̀hún lọ, ìwé kékeré tí mo kà kò sì bá a dé òpin. Àmọ́ mo gbọ́ ìparí ẹ̀ dáadáa: bí oṣù bá parí tí owó kò pé, òun á wá yọ ilẹ̀kùn òun.

Mo délé, inú ń bí mi. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí màá fi jẹ́ kó ṣe wàhálà? Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo yọ ilẹ̀kùn náà fúnra mi, mo gbé e rù, ó di Zone du Bois. Irin ni o. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó pàdé mi lọ́nà yà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí n tó dé ẹnu géètì onílé, mo ti kúrú díẹ̀, n kò sì tíì ga padà títí dòní.

Mo tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbalaja síwájú géètì, mo jókòó lé e. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ní kí n dìde. Mo kí i ní Mooré, èdè ìlú wa: mo bèèrè ìyàwó, mo bèèrè ọmọ, mo bèèrè àgùntàn, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó jókòó tì mí.

Nígbà tó yá, géètì ṣí, mọ́tò onílé yọ imú síta. Ó fọn fèrè, n kò mira. Ó sọ̀ kalẹ̀, táì lọ́rùn.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò, mo ti ń pẹ́."

"Ilẹ̀kùn ẹ ni. Ìwọ gbé e."

"Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?"

"Ṣebí o ní o máa wá yọ ọ́. Mo bá ẹ dín iṣẹ́ kù, ìwọ náà bá mi dín owó kù. Èló ni yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn?"

Ọlọ́dẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn aládùúgbò tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ń dẹwọ́ eré kí wọ́n lè ríran. Onílé wo aago, ó wo bàtà ẹ̀ tó ń dán, ó wá ní d'accord, òun gbà, ká padà sí owó àtijọ́. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó wo orí mi tó funfun báláú, mo rí i tó ń ṣírò nínú.

"Títí ẹ ó fi kú, Baba."

Mo ní ọlọ́dẹ ti gbọ́. Mo fi barka dúpẹ́, mo dìde. Òun àti ọlọ́dẹ ló so ilẹ̀kùn mọ́ orí mọ́tò. Èmi ti lọ jókòó síwájú. Bí a ṣe ń lọ sí Gounghin, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mí. Mo ní kó má bínú, n kò pẹ́ ní ilé ìwé dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, n kò fa sìgá mọ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, mo ń jẹ ẹ̀wà, bí ọyẹ́ bá sì dé, súẹ́tà mẹ́ta ni mo ń wọ̀ léra wọn. Bó bá ń retí ikú mi, kó wá àga tó lágbára, kó jókòó.