Ike Ìtọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi kò gbà rárá pé ohun tí ènìyàn kò bá fi ẹnu gbé mì lè wọ inú ara rẹ̀. "Bí awọ bá ń mu omi," ó máa ń wí, "gbogbo ẹni tó bá wẹ̀ láàárọ̀ ni ì bá máa wúwo títí di alẹ́." Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn. Àwa tí a jọ ń gbélé mọ̀ pé orí kunkun lásán ni.

Akọ̀wé ìjọba ni ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó ya Èkìtì sọ́tọ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tuntun dé, tí wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sílé, ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìṣẹ̀ wá jókòó ti oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tí kò gbé ohun tó wúwo ju fáìlì lọ rí wá gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn pọ̀n, ẹ̀rọ tó ń jò sí i lẹ́yìn, ó sì ní òun kò ní gba lébìrà, nítorí lébìrà kì í fín orí igi dáadáa. Èmi ń ṣe olùkọ́ ní Ìkéré nígbà náà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wálé, nítorí náà ojú mi ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀bi èdè wa náà wà níbẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń kó fún aláìsàn, oògùn. Ohun tí wọ́n ń fín sí kòkó kí kòkòrò lè kú, oògùn náà ni. Bí ẹ bá dán an wò kí ẹ sọ fún bàbá mi pé májèlé ló gbé pọ̀n, ìjà dé nìyẹn. Májèlé kẹ̀? Ta ló ń fi májèlé dá oko? Oògùn ni, wọ́n sì kọ bí a ṣe ń lò ó sí ara agolo, ní òyìnbó, èyí tí òun nìkan lè kà ní gbogbo àgbègbè oko náà. Ó kà á lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ní kí a wọ ìbọ̀wọ́ nìkan ni kò kàn án.

Ìdáàbòbò tirẹ̀ ni epo pupa. Kí ó tó lọ, á fi ra apá, á fi ra ọrùn, á fi ra ẹsẹ̀ méjèèjì, á tún lá ṣíbí kan sí i, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé epo ni ẹ̀rọ̀. Á wá fi áńkáṣíìfù di imú, á máa dán lọ sóko bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Bó bá dé, á bọ́ aṣọ sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, màmá mi á rẹ ẹ́ sínú bàsíà. Tíṣà ni màmá mi, kò lè fojú rí ìdọ̀tí. Á ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ náà dé ìgbúnwọ́, á máa ra á títí gbogbo òórùn yẹn á fi lọ.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tíì á ti dà sí sọ́sà kí ife tó kan ẹnu. Bó bá fín oògùn tán, á bì, á ní iyán àná ni. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò gbà. Orí máa ń fọ́ òun náà lásìkò kan náà, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbà pé ìrònú ọkọ ló ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi pé ọjọ́ Jímọ̀ kan ń bọ̀ tí n óò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí n bá èrò lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ìgbà yẹn ni lẹ́kíṣọ́rà kan wá láti yunifásítì, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ní òun ń wádìí bí oògùn kòkó ṣe ń wọ ara àgbẹ̀. Inú màmá mi dùn. Ó ní bí bàbá mi kò bá gbọ́ ti ìyàwó, á gbọ́ ti ẹni tó kàwé jù ú lọ. Obìnrin náà ṣàlàyé fún wa ní pálọ̀. Á lẹ òwú funfun mọ́ aṣọ àgbẹ̀ láyà, lẹ́yìn àti nítan. Bí onítọ̀hún bá fín oògùn tán, á ṣí òwú náà, á lọ wọn ohun tó bà lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó bà lé ara kọ́ ni ohun tó wọlé, ó ní. Ìtọ̀ ló ń sọ èyí tó wọlé, nítorí ara a máa sapá láti da ohun tí kò fẹ́ nù. Ó fẹ́ ìtọ̀ kí a tó fín, ó tún fẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Awọ, ó ní, ni ilẹ̀kùn tó tóbi jù, pàápàá jù lọ níbi tó bá ti fẹ́lẹ́.

Nígbà tó gbọ́ ti epo pupa, ó dijú díẹ̀. "Bàbá, oògùn yìí fẹ́ràn epo. Epo yẹn gan-an ló ń sìn ín wọlé."

"Ọmọ mi," bàbá mi dáhùn, "kí wọ́n tó bí màmá rẹ ni epo ti jẹ́ ẹ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Ta ní í gbé ìtọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀? Wọ́n lè fi ṣe nǹkan. Mo gbọ́ pé ẹnì kan bu omi kànga sínú ike tirẹ̀, ó fi tíì pa á láró. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, bú gbogbo wọn, ó ní ìwà kèfèrí ni. Òun kò bẹ̀rù ohunkóhun. Òun kàn ní ọgbọ́n tó dára ju tiwọn lọ ni, màmá mi ló sì sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí lẹ́kíṣọ́rà ti kó àwọn ike náà lọ.

"Tíṣà," ni bàbá mi pè é, bó ṣe máa ń pè é bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, "bá mi tọ̀ sí ike yìí."

"Ùtọ̀ tèmi kẹ̀? Ùtọ̀ yín ni wọ́n bèèrè."

"Ìwọ kò dé ugbó rí. Ùtọ̀ tìrẹ á mọ́ lóló. Bí obìnrin yẹn bá rí i bẹ́ẹ̀, á gba ulé rẹ̀ lọ, á jẹ́ kí n ráyè ṣe uṣẹ́ mi."

"Ẹ̀tàn nìyẹn o."

"Ẹ̀tàn báwo? Àlùfáà tó so wá pọ̀ sọ pé ara kan ni wá. Bí ara bá jẹ́ kan, ṣé ùtọ̀ á wá jẹ́ méjì?"

Màmá mi ní òun rẹ́rìn-ín débi pé ike fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó tọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó sì tọ̀ sí èkejì ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìfín oògùn, nígbà tí aṣọ oko ti wà lórí okùn tó ń gbẹ.

Ọyẹ́ ti mú kí lẹ́kíṣọ́rà tó padà wá. Ilé sí ilé ló ń lọ, ó ń sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ oníkálukú fún un. Ó jókòó ní pálọ̀ wa, ó wo bàbá mi tàánútàánú. "Bàbá, oògùn náà wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó fín, ó sì pọ̀ sí i gan-an lẹ́yìn tí ẹ fín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi iṣẹ́ yìí."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó lu itan. Ó ti ń retí ọjọ́ yìí. "Irọ́! Irọ́ yunifásítì! Ẹni tó tọ ùtọ̀ yẹn kò gbé ẹ̀rọ pọ̀n rí láyé rẹ̀. Òun ló jókòó yẹn. Tíṣà, sọ fún un!"

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ mú òótọ́ wálé.

Lẹ́kíṣọ́rà kò bínú. Ó yí ojú sí màmá mi. "Mà, ta ló ń fọ aṣọ oko wọn?"

Màmá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá mi, mo sì rí i tó ń ka ẹ̀fọ́rí ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn, ìkọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan. Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́ kígbe. Àánú rẹ̀ ló dí mi lẹ́nu.

Màmá mi dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà, igi gígùn kan ló fi gbé ṣòkòtò oko wá, ó sì gbé e lé bàbá mi lẹ́sẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Ẹ ní oògùn ni," ó wí. "Mo ti lò ó tó."

Bàbá mi na ọwọ́ sí lẹ́kíṣọ́rà láìgbójú kúrò lára ṣòkòtò náà, ó ní kó fún òun ní ike kan. Ó jáde lọ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà, ike náà kún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé kò rí ìdérí fi dé e. Ó nawọ́ ike náà sí màmá mi, bó ṣe máa ń na ohun gbogbo sí i.

Màmá mi ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní kó dé e fúnra rẹ̀.